Ohùn Nìkan Kò Tó

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kọkànlá

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹyẹ agbègbè ọ̀sà lónìí. Yẹ̀kínì ti ń dúró dè wá létí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń fi ike gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kí a tó wọ ọkọ̀, Ọ̀gá Rótìmí tó ń darí kíkà náà ka òfin sí wa létí bí ẹni ń ka ìdájọ́: ẹyẹ tí a óò kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè, kò gbọdọ̀ sí nínú ìdè, ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ rí i, tàbí kí ẹnì kan rí i kó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ohùn nìkan kò tó. Èmi ni mo bá a kọ òfin yẹn nínú oṣù Keje, nígbà tí ikùn mi ga débi pé mo ń gbé ìwé lé e lórí kọ̀wé. Ó dára lójú mi nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Ní Gberefu tó wà lódìkejì ọ̀sà, a rí lékelèke, a rí àwòdì, a sì rí àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń sáré níwájú ìgbì òkun, àwọn tó jẹ́ pé ilẹ̀ yìnyín ni wọ́n ti fò wá. Ọ̀gá Rótìmí ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lójijì, Yẹ̀kínì kígbe.

"Anti Tíṣà, ẹ tètè kọ ọ́! Odídẹrẹ́!"

Àgò kan ló ń tọ́ka sí, tí wọ́n fi kọ́ iwájú ilé ẹnì kan tó ń ta àgbọn.

"A kì í ka ti inú àgò, Yẹ̀kínì."

"Háà! Ṣé torí pé wọ́n tì í mọ́lé, kì í ṣe ẹyẹ mọ́? Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ńkọ́, ìjọba kì í kà wọ́n ni?"

"Ìwọ tó o wà níta," ni Ọ̀gá Rótìmí wí, "ìjọba ti kà ọ́ rí?"

"Wọn ò kà mí. Àmọ́ wọn ò gbàgbé mi rí tí wọ́n bá ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ̀ kan kọjá lára wa. Ọmọ ọwọ́ kan ń ké nínú rẹ̀. N kò rí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ bò ó. Síbẹ̀ iwájú aṣọ mi tutù rinrin. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé, ọmú mi kò tíì gbọ́. Mo gbé àpò mi sáyà títí a fi gúnlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kọkànlá

Òjò àrọ̀kúrò. A ò jáde. Sewanu ti gbé ibùsùn ọmọ kúrò nínú yàrá, kò sì sọ ibi tó gbé e sí. N kò bi ọkọ mi léèrè. Àmì ẹsẹ̀ ibùsùn náà ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kọkànlá

A lọ kí ìyá Sewanu ní Ajara. Màmá se ọbẹ̀ ẹja, wọ́n sì gbé àkàsà fún mi, wọ́n dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Àwọn obìnrin ilé ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo mọ̀ pé ìtùnú ni. Mo mọ̀ pé èmi ni agbè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

N óò kọ ọ́ síbí, nítorí n kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí mi, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lẹ́yìn pa ìdajì ara mi, ṣùgbọ́n etí mi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé síwájú mi. Mo gbọ́ ìró irin. Mo gbọ́ dókítà tó ń béèrè nǹkan. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ igbe kan. Ẹyọ kan. Ó tínrín, ó sì já lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ tó tún tì í. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn, mo sùn. Nígbà tí mo jí, wọ́n ní òkú ni wọ́n gbé jáde. Obìnrin ni. Wọn ò fi hàn mí, wọ́n ní ìyá kì í wo òkú ọmọ rẹ̀. Kí n tó lè dìde jókòó, wọ́n ti lọ sin ín, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ fún mi.

Òkú kì í ké.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kọkànlá

Oòrùn mú. Àwọn apẹja fa àwọ̀n gòkè ní Gberefu, ẹyẹ òkun funfun kan sì lọ́ mọ́ ọn. Abdulbasit, ọmọ tí àwọ̀n jẹ́ ti bàbá rẹ̀, tú u, ó gbé e fún mi. Ọrùn rẹ̀ ti rọ. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ṣì gbóná. A kò tíì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá Rótìmí wò ó pẹ́, ó ní irú ẹ̀ kò pọ̀ ní etíkun yìí, ó sì mi orí.

"Ó ti kú. Kò sí nínú ohun tí à ń kà."

"Ó wà láàyè nígbà tí àwọ̀n mú un, ọ̀gá."

"Ta ló rí i?"

Mo kà á níbì kan pé láyé àtijọ́, òkú nìkan ni àwọn onímọ̀ gbà. Bí o bá ní o rí ẹyẹ, wọn á ní kí o yìnbọn fún un kí o gbé e wá. Nísinsìnyí ó gbọ́dọ̀ wà láàyè. Ẹyẹ kan náà ni, ikú kan náà ni, àwọn tó ń kà ló pa ìlànà dà. N kò mọ ìdí tí èyí fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sin ín. Yẹ̀kínì ní kí n dá a padà sómi, pé yanrìn kì í gba ohun tó jẹ́ ti òkun. Mo sin ín síbẹ̀síbẹ̀.

Àìkú, 17 oṣù Kọkànlá

Wọ́n kó ọmọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá wọn kọrin. Mo ń wo ẹnu ara mi bí ẹni ń wo ẹnu ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kọkànlá

Ìjà. Ẹ̀bi mi ni jù.

A wà nínú ọkọ̀ lẹ́bàá eèsún tó wà ní ẹ̀yìn Ajara. Ẹlúlùú ń ké nínú rẹ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi tó ń tú kúrò lẹ́nu ìgò. Ọmọ tí kò tíì lọ sílé ìwé mọ ohùn ẹlúlùú. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ, kò sì jáde rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Rótìmí na ọwọ́, ó gba ìwé, ó fi ìlà pa á rẹ́.

"Sọlá, ìwọ gan-an lo kọ òfin yìí."

"Mo mọ̀. Ọ̀gá, tí ìyàwó yín bá ń pè yín láti ilé ìdáná, ṣé ẹ gbọ́dọ̀ yọjú wò ó kí ẹ tó dáhùn?"

"Ìyàwó mi? Bí mi ò bá yọjú, òun ló máa yọjú sí mi."

Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ mì. N kò rẹ́rìn-ín.

"Kówéé ńkọ́?" ni Ọ̀gá Rótìmí wá bi wá. "Gbogbo wa la ti gbọ́ kówéé. Ìlú kan ò sí tí wọn ò ti ní ó ké kí lágbájá tó kú. Ó yá, ẹ júwe rẹ̀ fún mi. Báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe rí? Yẹ̀kínì?"

"Ọ̀gá, ẹ má pe nǹkan yẹn lórí omi."

"Ṣé ẹ rí i? Ìbẹ̀rù ní etí. Ìfẹ́ ní etí. Ohun tí ọkàn bá ń retí, etí á gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi ń béèrè ojú nìyẹn."

Mo ní kí Yẹ̀kínì gbé mi sí ẹ̀bá. Ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Mo rìn dé ilé. Ohun tó bí mi nínú kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ mí. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi retí igbe kan. Kí ni etí mi ì bá tún gbọ́?

Ọjọ́rú, 27 oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Mercy, ń jẹun lẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀yin Anti wa! Ṣé ojú abẹ ló ń dùn yín?"

"Ojú abẹ ti san. Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ mi ké?"

Ó pa ike oúnjẹ rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì. "Abẹ́rẹ́ yẹn lágbára, Anti. Àwọn obìnrin máa ń gbọ́ oríṣiríṣi."

"Igbe ọmọ?"

"Igbe ọmọ. Orin. Ẹnì kan ní òun gbọ́ bàbá òun tó ti kú." Ó nu ọwọ́. "Ẹlòmíràn sì bímọ ní yàrá kejì lọ́jọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ tirẹ̀."

"Ó lè jẹ́ tirẹ̀, àbí tirẹ̀ ni?"

"Anti, ẹ ṣì kéré. Ẹ máa tún bí."

Ó sìn mí dé ẹnu géètì. Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó sìn mí dé géètì rí. Ṣé ẹ̀rí ni ìyẹn? Bí mo bá kó o dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Rótìmí, á pa á rẹ́, yóò sì jàre.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kọkànlá

Mo bi Sewanu. Ó ń fọ abọ́.

"Ṣé o rí ọmọ wa?"

"Mo rí aṣọ tí wọ́n fi wé e."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Sọlá, jọ̀ọ́."

"Ó ké, àbí kò ké?"

Ẹ̀rọ omi ń yọ, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fọ̀ ọ́. "Omi ló dànù," ló wí níkẹyìn, ohùn ìyá rẹ̀ sì ni ó fi sọ ọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dáa. Ó lọ sùn ní pálọ̀.

Ẹtì, 6 oṣù Kejìlá

Lítà bẹntiróòlù kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà, Yẹ̀kínì sì fi díẹ̀ lé owó ọkọ̀. Ó tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló ń wa epo.

A rí ẹlúlùú náà. Ó jáde sórí eèsún tó ti dá, ó na ìyẹ́ pupa rẹ̀ sí oòrùn, ó sì dúró bí ẹni tó wá ya fọ́tò. Ọ̀gá Rótìmí gbé ìwé fún mi pé kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ó rò pé inú mi máa dùn. Mo kọ ọ́: ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá. Ó dà bí ẹni pé òní ló bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Gbogbo òwúrọ̀ tó fi ń pè wá láti oṣù tó kọjá, níbo ló wà, lójú ìwé?

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi là. Òdìkejì ọ̀sà kò hàn mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, n kò rò ó rí. Mo wo inú àpò mi pé kí n mú ìpara, Yẹ̀kínì sì kọjú sí ẹ́ńjìnnì tó ń húkọ́. Ọ̀gá Rótìmí pariwo. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, kùrukùru nìkan ló kù. Ó ní ẹyẹ kan ló fò kọjá iwájú ọkọ̀, èyí tí òun ti ń wá láti ìgbà tí òun ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ijanikin, kí òun tó padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò rántí gbé kámẹ́rà. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Sọlá, o wà nínú ọkọ̀. Buwọ́ lù ú pẹ̀lú mi. A gbọ́dọ̀ fi ìwé yìí ránṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé."

"N kò rí i, ọ̀gá."

"O mọ̀ pé n kì í purọ́."

"Mo mọ̀. N kò sọ pé ẹ kò rí i. Èmi ni n kò rí i."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo mọ ojú yẹn. Mo ń rí i nínú dígí mi láràárọ̀: ojú ẹni tó mọ nǹkan, tí kò sì ní ẹni tí yóò bá a mọ̀ ọ́n. Mo jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ, mo bá sọ ọ́ fún un: aṣọ aláwọ̀ ewé, igbe ẹyọ kan, òkú tí wọ́n ní wọ́n gbé jáde.

Mo ń retí pé yóò tún mú ọ̀rọ̀ kówéé wá.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí.

"Ohùn nìkan ni, ọ̀gá."

"Mo ní mo gbà ọ́ gbọ́."

Òun ni ẹni àkọ́kọ́. Kí a tó pínyà, ó yọ bírò, ó fi ìlà pa ẹyẹ tirẹ̀ rẹ́. Mo ní kó má pa á rẹ́. Ó ní òfin ni òfin. Ó pa ìwé náà dé jẹ́ẹ́.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kejìlá

Mo sọ fún Sewanu pé ọ̀la n óò padà lọ bá nọ́ọ̀sì, n óò sì máa lọ títí tí wọn óò fi lé mi. Ó ní kí n má lọ. Ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Màmá sọ̀rọ̀."

Kí ló kan Màmá nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn?

N kò sùn.

Àìkú, 22 oṣù Kejìlá

Ajara ni mo ti ń kọ eléyìí, nínú yàrá Màmá. N óò kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má bàa yí padà lọ́kàn mi.

Màmá ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìsìn. Èmi nìkan, wọ́n ní kí Sewanu má tẹ̀ lé mi. Wọ́n ń yọ àgbọn nínú èèpo rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Wọ́n lé àwọn ọmọ kéékèèké jáde, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ovi ṣié," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwọn ọmọ inú wọn. "Ọmọ mi. Ọkọ ẹ ní o ń lọ bi wọ́n ní ọsibítù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Má bi wọ́n mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n panu mọ́. Ó ké."

Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló ké. Nọ́ọ̀sì sáré gbé e kọjá sí yàrá kékeré, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kò tó o. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Sewanu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wọlé. Kò pẹ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kàn máa gbé e bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Nílé tiwa, ohùn la fi ń mọ ọmọ. Èyí tí kò bá ké, omi ni, a máa gbá a lọ, ìyá á dìde. Èyí tó bá ké, ènìyàn ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ fá irun ìyá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹní, kí gbogbo ilé sunkún ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń sunkún àgbà. Mo wò ọ́ níbi tó o sùn sí, wọ́n ti la inú ẹ. Mo ní eléyìí ò lè gbé e. Mo ní kí gbogbo wọn sọ pé kò ké." Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo rò pé mo ń bọ́ ẹrù lórí ẹ. Mo sọ ọmọ ọmọ mi di omi."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ."

"Kò sí ẹni tó sunkún un?"

"Kò sí."

Mo fẹ́ bínú. Ìbínú náà wà, mo ń rí i, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ohun tó wà nítòsí ni pé ó wá. Ó wá sáyé, ó sọ pé òun ti dé, mo sì gbọ́ ọ. Mo bi wọ́n bó ṣe rí. Màmá ní irun rẹ̀ kún, ó lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Wọ́n ní etí rẹ̀ jọ tèmi, ó lẹ̀ mọ́ orí pẹ́típẹ́tí. Wọ́n ní èékánná rẹ̀ ti gùn.

"Mo pè é," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé, mo mọ̀. N kò lè jẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Mo fi ẹnu sí i létí. Mo ní, Sènami."

"Ṣé ó gbọ́?"

"Ó yí orí síbi tí ohùn mi ti wá."

Mo ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè. Mo ní kí wọ́n tún un pè.

Lẹ́yìn náà mo ní, "Màmá, ẹ tẹ́ ẹní fún mi."

Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, pé oṣù mẹ́ta ti ń lọ, pé a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wo orí mi pẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n tẹ́ ẹní sí àárín àgbàlá, wọ́n sì wá abẹ.

Àwọn obìnrin ilé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí irun tó ń já bọ́ lórí ẹní. Kò sí ẹni tó béèrè. Èyí àgbà nínú wọn kọ́kọ́ jókòó, àwọn tó kù sì jókòó. Kò sí ẹni tó dárúkọ omi. A wà níbẹ̀ nígbà tí géètì dún. Sewanu ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí Màmá ti ní ó dúró lọ́jọ́ náà. Ó wo orí mi, ó wo ìyá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé, ó wá jókòó tì mí lórí ẹní, ó sì ké.